Ṣé Ajá Ti Mu Omi?

Òórùn irun ajá tó ń jóná ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá gbóòórùn rẹ̀ rí, kò sí bí mo ṣe lè júwe rẹ̀ tó máa yé e. Ó ń ta ni nímú, kì í sì í tètè kúrò lára aṣọ. Ọyẹ́ ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní Treichville nínú ìlú Abidjan láàárọ̀ yẹn, èéfín àwọn tó ń yan ẹja ń wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, òórùn kòkó sì ń wá láti ọ̀nà èbúté bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n irun ajá yẹn bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ìyá mi lóṣòó ti páànù kékeré kan lórí ààrò èédú, ó ń fi ṣíbí ro irun náà, ìgò epo pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi jókòó sórí àpótí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ mi. Mo ń sunkún, kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí nìkan, nítorí abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì tí mo dà sílẹ̀ lẹ́nu géètì pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí. Bí ajá bá gé èèyàn jẹ, ohun tí àwọn òbí wa mọ̀ ni pé kí wọ́n mú ajá náà, kí wọ́n gé nínú irun rẹ̀, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n fi epo pò ó, kí wọ́n sì fi í sójú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà wọn a lu ajá pa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìgbòho ìlú wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Ṣakí àti Ìsẹ́yìn tó wà ládùúgbò wa ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìdí. Irun ajá ni oògùn eyín ajá. Ó ti parí.

Inú ilé àjùmọ̀gbé kan ni à ń gbé, tí yàrá yí àgbàlá ká, tí igi máńgòrò kan dúró láàárín. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà. Bàbá mi ń ta bàtà rọ́bà tí gbogbo Abidjan ń pè ní lèkè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè àfi tó bá ń pe ìrun. Ìyá mi ní ìsọ̀ lọ́jà, ó ń ta ọṣẹ, òwú, ìyarun àti abẹ́rẹ́. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì ń lọ sílé ìwé. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, àtẹ ni wọ́n gbé lé mi lórí, torí obìnrin ni mí, ìyá mi sì nílò ẹni tó máa bá a kiri ọjà. Mi ò lè sọ pé inú bí mi sí i nígbà náà. Mo rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá dúró pẹ́ níwájú ilé ìwé, tí mò ń wo àwọn ọmọ tó tò sórí ìlà, ìyá mi á gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà kí n tó délé, á ní, "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ o, Rábì." Obìnrin tó kórìíra ajá bí ìgbẹ́, ajá náà ló máa ń fi kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ajá tí mò ń sọ yìí kò ní ẹni tó ni ín. Ó pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan ti ya, ẹnu géètì wa ló máa ń sùn sí. Àwa ọmọ àgbàlá ń pè é ní Gardien, àwàdà la fi ń ṣe, torí bí olè bá kó gbogbo ilé lọ, oorun ni ẹ̀ṣọ́ wa yìí máa sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo gbé àtẹ sórí, mi ò rí ilẹ̀, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ nírù. Ó yí padà, ó ki eyín bọ ẹran ẹsẹ̀ mi, ó sì sá wọ abẹ́ ọkọ̀ kan. Kí n tó pariwo tán, àwọn ọkùnrin ilé wa ti fa á jáde, wọ́n ti gé irun lára rẹ̀, wọ́n sì ti fi okùn ọ̀rá tí bàbá mi fi ń di ẹrù bàtà so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò. Bàbá mi ló mú ọmọ odó. Ọkùnrin tó jẹ́ pé àgbò Iléyá pàápàá, alápatà ló máa ń bẹ̀ kó bá òun pa á.

Ohun tó yọ ajá náà ni pé aládùúgbò wa kan ti sáré lọ pe Táńtí Dókítà. Obìnrin yìí, ọmọ onílẹ̀ ni, bí ó bá fẹ́, ì bá jókòó sí Cocody láàárín àwọn ilé ńláńlá kó máa wo àwọn olówó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọjà Treichville ló ṣí ilé ìwòsàn kékeré rẹ̀ sí. Nǹkan méjì ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Èkíní, kò lè rí ọmọ tó ru ẹrù ní àkókò ilé ìwé kó má béèrè ta ló bí i. Èkejì, kò lè rí ẹranko nínú ìyà kó kọjá lọ. Bí ó bá rí adìyẹ tí wọ́n so kọ́ kẹ̀kẹ́ ní ìdorí kodò, tàbí àgùntàn tí wọ́n dè mọ́ orí ọkọ̀ gbàkà nínú oòrùn, á bọ́ sójú títì, á na ọwọ́ dá onímọ́tò dúró, ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà a ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní "docteur des poulets", dókítà adìyẹ. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní kúrò lójú ọ̀nà títí wọ́n á fi tú ẹran náà. Ìgbà tí mo dàgbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Àwọn tí kò lè fi ẹnu ara wọn sọ ibi tó ń dùn wọ́n ni mò ń tọ́jú. Ìkókó wà níbẹ̀, ewúrẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ náà wà níbẹ̀."

Ó wọlé lọ́jọ́ náà, kò kí ẹnikẹ́ni, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ó gba páànù lọ́wọ́ ìyá mi, ó gbé e sẹ́yìn. Ó béèrè ọṣẹ. Ìyá mi sáré mú ọ̀kan tó ṣì wà nínú ìwé láti inú ọjà rẹ̀. Ó wá ń fọ ọgbẹ́ náà lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́, títí mo fi rò pé egungun ló ń wá lọ. Ìgbà tó ṣe tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè wo bàbá mi.

"Ẹ gbé ọmọ odó yẹn sílẹ̀, Bàbá Rábì. Ẹ má pa á."

"Docteur, ọmọ mi ló gé jẹ o."

"Nítorí ọmọ yín náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Bí ó bá jẹ́ la rage ló ń ṣe é, kò ní pẹ́ kú, kò sì ní lè gbé omi mì kó tó kú. Bí ó bá ń jẹ, tó ń mu, títí bí ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, a ó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lára Rábì. Bí ẹ bá pa á báyìí, ta la fẹ́ bi?"

Èdè Faransé ló fi sọ ọ́. Bàbá mi ń yí i sí Yorùbá fún ìyá mi, ibi tó ti dé "dìgbòlugi" ni ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ìyá mi di etí àpótí tí mo jókòó lé mú.

Táńtí Dókítà mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó gún mi ní abẹ́rẹ́ kan. Kò fi ọ̀rọ̀ bo bàbá mi lójú: ẹyọ kan yẹn ló kù lọ́wọ́ òun, òun ti ránṣẹ́ wá ìyókù káàkiri ìlú, kò tíì sí ẹni tó rí i. Títí tí yóò fi dé, ajá ni ká máa wò. Ó sọ fún wa pé kí ọmọdé kankan má sún mọ́ ọn, kí a máa fi igi ti oúnjẹ sí i, kí a má sì jẹ́ kí omi gbẹ nínú abọ́ rẹ̀.

Bó ṣe di pé àgbàlá wa bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ajá nìyẹn. Rárá o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ilé àwọn tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀kejì bí ajá bá fara kàn wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run nítorí ajá. Lọ́jọ́ kìíní, ìyá mi fi igi ti èérún attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ibẹ̀, sí i, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí ọjọ́ díẹ̀ fi máa lọ, ó ti ń se orí ẹja fún un lọ́tọ̀, ó sì ń fẹ́ ẹ kó tó gbé e fún un kó má baà jó o lẹ́nu. Alápatà tó wà ní ìkángun òpópónà wa, tó jẹ́ pé òkúta ló máa ń sọ lu Gardien tẹ́lẹ̀, ń gbé egungun wá láràárọ̀, á dúró lẹ́nu géètì, á fi èdè Dyula béèrè pé, "Wulu ka kɛnɛ?" Ṣé ara ajá le? Mo gbọ́ ìyá mi nígbà tó wólẹ̀ lórí ìrun Àsùbáà, tó ń sọ fún Ọlọ́run ní èdè Ìgbòho pé kó jọ̀ọ́, kó má jẹ́ kí ẹran Rẹ̀ yìí ṣàìsàn.

Bàbá mi ní tirẹ̀ kì í béèrè nǹkan mìíràn. Bó bá ti mọ́sálásí dé, bó bá ti ọjà dé, kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó di, "Ṣé ajá ti mu omi?" Bí wọ́n bá ní ó ti mu ún, á bọ́ bàtà, á wọlé.

Wọn ò jẹ́ kí n gbé àtẹ mọ́. Mò ń jókòó sórí àpótí mi níbi tí okùn rẹ̀ kò lè dé, mò ń wò ó. Ìyá mi ló yan ibẹ̀ fún mi, ó ní, "Igi gánganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Láràárọ̀ ni mò ń tiro lọ jíṣẹ́ fún Táńtí Dókítà. Kì í jẹ́ kí n sọ pé "Ó dára" kí n sì máa lọ. Á béèrè: ẹ̀gbẹ́ ẹnu wo ló fi jẹun? Báwo ni ohùn rẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ ń tẹ̀lé èèyàn? Kò sí àgbà kankan tó tíì bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, kó sì dákẹ́ dúró de ìdáhùn mi. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń lọ síbẹ̀, mo sì máa ń rántí lójú ọ̀nà pé ẹ̀mí mi ni a ń sọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan wá dé tí Gardien kò dìde. Ó nà sílẹ̀ lábẹ́ igi, ojú rẹ̀ là, itọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Omi kún abọ́ rẹ̀ bí ìyá mi ṣe fi í sílẹ̀. Bàbá mi dé, ó béèrè bó ṣe máa ń béèrè. Ó wo abọ́ náà, ó sì jókòó sórí ẹní ìrun rẹ̀. Ìyá mi kò lọ sọ́jà. Ó wẹ̀ fún mi fúnra rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí mo ti lè di kànìnkànìn mú. Ó gbé odindi ẹja síwájú mi, àwọn àbúrò mi ń wò. Èyí àbíkẹ́yìn gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ wá, ó ní òun ti fún mi pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún mi. Ọmọdé ni mí, mi ò gọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń dágbére fún mi. Ẹ̀rù bà mí, ẹja náà kò lọ lọ́fun mi, mo sì tún ń bẹ̀rù pé bí mi ò bá lè gbé e mì, wọ́n á ní ó ti mú mi.

Mo lọ jókòó sórí àpótí mi. Kò sí ibòmíràn tí mo mọ̀ tí mo lè lọ. Itọ́ ni gbogbo àgbà ilé rí, wọ́n sì ti yí ojú kúrò. Èmi ń wò ó ṣáá. Obìnrin kan ń fọṣọ lódìkejì, ó da omi sílẹ̀, mo rí i tí Gardien yí ojú sọ́dọ̀ omi náà, tí ahọ́n rẹ̀ jáde. Ó fà síwájú, ó fẹ́ tẹ orí sínú abọ́, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tún gbìyànjú. Ó tún ké. Táńtí Dókítà ti sọ fún mi pé ẹran tó bá ní àrùn yẹn, ọ̀fun rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó gbé omi mì. Èyí kò tíì dé ìdí ọ̀fun. Orí ni kò lè tẹ̀. Mo tẹ ara mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wo ọrùn rẹ̀, mo sì rí i. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi so okùn ọ̀rá yẹn lọ́jọ́ kìíní, wọ́n fún un débi pé ó ti wọnú ẹran lábẹ́ irun, ọrùn náà sì ti wú bo okùn mọ́lẹ̀.

Mo fi ẹsẹ̀ tó ń dùn mí sáré. Mo bá Táńtí Dókítà níbi tó ti ń wo ọmọ ìkókó kan. Mo ní, "Táńtí, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ọrùn ló ń dùn ún, kì í ṣe ọ̀fun." Ó wò mí, ó gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀, ó mú àpò rẹ̀.

Ó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ó fi aṣọ di ẹnu ajá náà, bàbá mi sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bàbá mi! Táńtí Dókítà gé okùn náà, ó fọ ojú ọgbẹ́ náà, ọyún jáde, ó fi oògùn sí i, ó fi aṣọ tó fẹ̀ so ó ní àyà dípò ọrùn. Lẹ́yìn náà ó wò yíká, ó ní kí wọ́n gbé àpótí mi wá. Orí àpótí náà ló gbé abọ́ omi lé, kí ajá má baà tẹ orí, ó tú aṣọ ẹnu rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn. Ẹni tó ń gún nǹkan dá ọmọ odó dúró. A gbọ́ ọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lá omi náà, sápá, sápá, sápá, kò sì dúró títí ahọ́n rẹ̀ fi ń ha ìdí abọ́.

Ìyá mi jókòó sórí ilẹ̀ lásán, nínú omi ọṣẹ, pẹ̀lú ìró tó máa ń ró lọ sọ́jà. Ó ní, "Alhamdulillahi," ó bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ó wo ajá náà, ó sì pe orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Gardien, o ṣeun o. O ṣeun."

Gardien kò kú, èmi náà kò kú. Ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ kọjá, Táńtí Dókítà wá, ó wo ajá, ó wo èmi, ó ní, "C'est bon," ìyẹn ni pé ó ti dára. Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n mú mi lọ sílé ìwé. Ìyá mi ní, "Docteur, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Ta ló máa wá bá mi gbé àtẹ?" Ó bi í padà pé, "Ta ló rí ọrùn ajá?" Ìyá mi ń kùn fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń sọ pé àwọn dókítà á gba ẹ̀mí ọmọ là, wọ́n á tún wá gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọlé ìwé, òun fúnra rẹ̀ ló fà mí lọ́wọ́ lọ, àtẹ wà lórí rẹ̀. Mo ga ju gbogbo ọmọ CP1, kíláàsì àkọ́kọ́, lọ, orúnkún mi kò wọ abẹ́ bẹ́ńṣì. Mi ò bìkítà.

Táńtí Dókítà ti dolóògbé. Èmi náà di dókítà, èmi ni mò ń jókòó sí ilé ìwòsàn ẹ̀yìn ọjà báyìí. Mò ń wọ àgbàlá kiri ní Treichville, mò ń gún àwọn ajá lábẹ́rẹ́, mò ń bẹ àwọn bàbá tó mú ọmọ odó lọ́wọ́. Mò ń lọ jókòó nínú ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá, kí wọ́n lè bá mi dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń kó wá láti ilé wá gbé ẹrù, àti ti àwọn ẹran tó ń kú sórí ọkọ̀ kí Iléyá tó dé. Wọ́n máa ń bi mí èwo ni mo fẹ́ mú nínú méjèèjì. Àwọn ọmọ onígbàkà òde òní ti jogún yẹ̀yẹ́ baba wọn; wọ́n ní, "Vieille mère," ìyá arúgbó, "adìyẹ ńkọ́?" Inú máa ń bí mi ju bó ṣe ń bí ẹni tó kọ́ mi lọ. Mi ò ní sùúrù rẹ̀.

Nínú ìdílé wa, ìbéèrè bàbá mi kò parí síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣe ìdánwò, bí ẹnì kan bá bímọ, bí ẹnì kan bá ń retí ìwé àṣẹ ìrìnnà, ohun tí a máa ń béèrè lórí fóònù ni, "Ṣé ajá ti mu omi?" Àwọn ọmọ mi, tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, wọ́n mọ gbólóhùn yẹn sọ dáadáa.

Lọ́dún tó kọjá, ara ìyá mi kò yá rárá. Ó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Bingerville. Ó dé ibi tí kò gbé nǹkan kan mì mọ́, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Gbogbo ohun tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni mo ṣe. Mo fa omi sí i lára, mo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n wá, wọ́n mi orí bí àwa oníṣègùn ṣe máa ń mi orí. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ife sí i lẹ́nu, mo sì rí i pé mo ti jókòó sórí àpótí kékeré, mo tẹ ara sẹ́gbẹ̀ẹ́, mò ń wo ọrùn rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, ọmọ tó jókòó lábẹ́ máńgòrò nìyẹn. Mi ò gbọ́n jù ú lọ lọ́jọ́ náà, mi ò sì láyà tó o. Òun ń bẹ̀rù nítorí ara rẹ̀, ó sì ń wò. Èmi fẹ́ yí ojú kúrò.

Mi ò yí i. Mo rí i tí ọ̀fun rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Ó tún mì. Ó mu ún títí omi fi kúrò nínú ife, ó lajú, ó wò mí pẹ́, ẹ̀rín ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ sì yọ létí ẹnu rẹ̀.

"Pe bàbá rẹ," ó ní. "Sọ fún un pé ajá ti mu omi."

Ìgbòho ni bàbá mi wà nígbà náà, ó lọ wo ilé. Mo pè é. Kò jẹ́ kí n kí i tán tó fi béèrè. Mo ní ó ti mu ún, Bàbá, ó mu ún tán, mo sì jókòó sórí ilẹ̀ lásán bí ìyá mi ṣe jókòó lọ́jọ́sí.